Ilé Ọlọ Tí Omi Ń Yí, àti Bọ́sẹ̀

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n ṣí omi sílẹ̀ fún àgbá kẹ̀kẹ́ onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọlọ àtijọ́ yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Inú gbogbo èèyàn ń dùn, wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi gbọ́ bí omi ṣe ń dún lábẹ́ pákó, mo sì yí ẹ̀yìn padà sí i. Ọmọ ọmọ mi di apá mi mú, ó ní, "Grandma, are you okay?" Mo ní kò sí nǹkan kan, oòrùn ló mú mi. Irọ́ ni mo pa.

Ibẹ̀ ti di ilé àṣà báyìí. Ibẹ̀ ni ẹ ti ń kọ́ Yorùbá ní gbogbo Sátidé, ẹ̀yin ọmọ wa tí òbí yín ń fi mọ́tò gbé wá láti Lanham àti Temple Hills, tí ẹ máa ń sọ pé "ẹ káàárọ̀ ma" fún wa ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Tíṣà yín ló ní kí n kọ ìtàn ilé náà fún yín, torí pé mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì fà á ya. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí mo ti fi pa mọ́ fún ìyá ọ̀rẹ́ mi láti ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, ìyá náà sì wà láàyè.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó rọrùn. Òyìnbó olóko kan ní Amẹ́ríkà níbí ló kọ́ ilé náà láti máa fi lọ àgbàdo. Àwọn èèyàn dúdú tó fi ṣe ẹrú ni wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà tí omi ń gbà débẹ̀, àwọn náà ló sì ń ru àpò wọlé, rù ú jáde. Orúkọ olóko yẹn ṣì wà lára òkúta ẹnu ọ̀nà. Mo wá orúkọ àwọn tó gbẹ́lẹ̀ títí, mi ò rí ẹyọ kan. Nígbà tí ẹ̀rọ ìgbàlódé dé, wọ́n pa ilé náà tì, òjò sì ń rọ̀ sí i.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí a kó dé ìtòsí rẹ̀. Bàbá mi ń lọ sí yunifásítì, ìyá mi sì ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn kan ní Cheverly. Ìdílé Nàìjíríà mẹ́rin ló háyà yàrá nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà, ó sì di agbo ilé mọ́ wa lọ́wọ́. Ìyá tó bá dáná, gbogbo wa ló ń bọ́. Ìyá kan lè na ọmọ ẹlòmíràn, kí ìyá tó bí i sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ ìyá Bọ́sẹ̀ ló le jù. Orúnkún wa gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ tí a bá ń kí àgbà, bí yìnyín tilẹ̀ wà nílẹ̀, ọmọdé kò sì gbọ́dọ̀ lanu níbi tí àgbà ti ń sọ̀rọ̀. "Amẹ́ríkà ò ní sọ yín di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú mi," ló máa ń wí. Bọ́sẹ̀, ọmọ rẹ̀, mọ̀ ọ́n sín jẹ débi pé a máa ń rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa dùn wá. Ọ̀rẹ́ mi ni. Nígbà òtútù, ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo la ní, òun a wọ ti ọ̀tún, èmi a wọ ti òsì.

Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé kí a má dé ilé ọlọ yẹn. A lọ. Ìsinmi ilé ìwé ni, Bọ́sẹ̀ sì fẹ́ mọ ibi tí omi ń gbà lọ lábẹ́ ilé. Pákó tó tẹ̀ ti jẹrà, Bọ́sẹ̀ sì já sínú omi. Nígbà tí mo yọjú, mo rí i tó fi ọwọ́ méjèèjì di igi kan mú, omi sì dé àyà rẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Lọ pe Màámi."

Mo sáré délé. Nígbà yẹn, fóònù sí Nàìjíríà ṣòro, inú kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn ará ilé ń sọ̀rọ̀ sí, tí wọ́n á fi rán ẹni tó ń bọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ìyá ìyá Bọ́sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ náà ni, gbogbo àwọn àgbà sì jókòó yí i ká ní pálọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, Bọ́sẹ̀..." Ìyá Bọ́sẹ̀ na ìka sí mi láìwo ojú mi. "Dákẹ́! Ṣé o ò gbọ́ pé àgbà ń sọ̀rọ̀ ni?"

Mo dákẹ́. Ìyá àgbà inú kásẹ́ẹ̀tì ń kí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń bèèrè àlàáfíà, kò kánjú rárá. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó ní Bọ́sẹ̀ òun á dàgbà, á dogbó. Wọ́n ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín lórí ìkúnlẹ̀, omi ń kán lára bàtà mi. Ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì tán ni wọ́n tó bi mí pé kí ló dé.

Nígbà tí àwọn bàbá wa débẹ̀, kò sí ọwọ́ kankan lára igi mọ́. Àwọn panápaná ló gbé òkú Bọ́sẹ̀ jáde. Àwọn àgbà ní mo ṣe dáadáa tí mo sáré wá pè wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí ní nǹkan míì. Ìyìn yẹn ti mú mi lómi láti ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé ìwé tí mo kọ lẹ́ẹ̀kẹrin lọ bá ìyá Bọ́sẹ̀ ní Temple Hills. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbà mí ní àkókò díẹ̀ kí n tó lè dìde. Mo kà á sí i létí. Ohun tí mo kọ ni pé mo sáré dé ilé, mo sì sọ fún wọn.

Ó jẹ́ kí n kà á tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "O fo ibì kan."

Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Kásẹ́ẹ̀tì yẹn wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ ibi tí ìyá mi bá ọ̀rọ̀ dé nígbà tí o wọlé. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ibẹ̀ lọ sí òpin. Mo mọ bó ṣe pẹ́ tó." Ó wá ọwọ́ mi, ó dì í mú. "Mo rò pé wàá bá mi jà lọ́jọ́ kan. Kọ ọ́ sí i. Kọ ọ́ pé èmi ni."

A sunkún, àwa méjèèjì, àgbà àti àgbà.

Òrùlé tuntun ló wà lórí ilé ọlọ náà lónìí, pákó rẹ̀ sì le. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ wa lẹ́nu, inú sì máa ń bí mi, mi ò ní purọ́. Mo ṣì fẹ́ kí ẹ máa kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tí kò lè dúró, ẹ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wa lẹ́nu. Tí a bá ní kí ẹ dákẹ́, ẹ pariwo. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.