Itan Èlíjà Lábẹ́ Ọkọ̀

Èlíjà ni olórí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ní Ayétòrò, láyé ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò ní nǹkan tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí gbogbo ìlú ń jẹun nínú ìkòkò kan náà. Ẹni tó bá ń wá a kì í lọ sílé. Etí omi ló ń lọ. Èèyàn á kọ́kọ́ gbọ́ orin lábẹ́ ọkọ̀, lẹ́yìn náà ló máa rí ẹsẹ̀. Èlíjà kì í bínú. Àrìnpé, ìyàwó rẹ̀, ló ń bá a bínú sáwọn èèyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, igi tí wọ́n fi ti ọkọ̀ ẹja ńlá kan rì sínú ẹrẹ̀. Ọkọ̀ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó tẹ itan Èlíjà méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ìlú sáré dé. Wọ́n gbé ọkọ̀, wọ́n gbé e tì. Bàbá Dáníẹ́lì, àgbà ibi iṣẹ́ náà, ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

"Tí ẹ bá tún mì í, á tẹ̀ ẹ́ pa. Omi òkun ń bọ̀ wá kún. Omi ló máa gbé e."

Bí wọ́n ṣe ń gbé ọkọ̀ ńlá níbẹ̀ nìyẹn. Àrìnpé jókòó sínú ẹrẹ̀, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Omi ò tètè wá.

"Bàbá Táyé," ó pe ọkọ rẹ̀, "ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó ti kú tipiri. Mi ò mọ̀ bóyá mo lẹ́sẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Dáníẹ́lì, ẹ ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ mi wá síbí. Mo ti kó wá sílé tuntun."

"Ẹnu tìrẹ ò kú," ni Bàbá Dáníẹ́lì fèsì.

Oòrùn ti yẹ̀ àtàrí kí omi tó gbé ọkọ̀ náà. Wọ́n fà á jáde. Bàbá Dáníẹ́lì fọwọ́ tẹ egungun rẹ̀ látòkè délẹ̀. Kò sí èyí tó kán. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Ìlú bú sórin ọpẹ́. Àrìnpé náà kọrin.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, itan náà ti wú, ó le bíi pákó. Ìtọ̀ tó tọ̀ ò pọ̀, ó sì dúdú bí omi ewé tí wọ́n sè. Ìyá Dèbórà, àgbà obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn, wo inú abọ́.

"Ìdọ̀tí ló ń jáde, Àrìnpé. Omi tó mọ́ ló ń fẹ́. Wá omi àgbọn."

Ọ̀rọ̀ tàn. Aláìsàn ẹnì kan, aláìsàn gbogbo Ayétòrò ni. Àwọn tó ń hun àwọ̀n gbé àgbọn wá. Àwọn aránṣọ gbé tiwọn. Àwọn alásè náà gbé tiwọn. Èlíjà ò lè kọ ti ẹnì kankan. Ó ń mu ún. Ìtọ̀ ò wá mọ́.

"Màmá, ó ti tó," Àrìnpé sọ fún Ìyá Dèbórà.

"Ti ta ni kó wá kọ̀? Ìfẹ́ ni wọ́n ń gbé wá."

Àrìnpé gbé abọ́ omi àgbọn sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.

Níbi tó ti ń nu àyà ọkọ rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Ọkàn náà lù, ó dákẹ́. Ó lù lẹ́ẹ̀mejì, ó tún dákẹ́, ó pẹ́.

"Bàbá Táyé, ẹ dìde."

"Apá mi wúwo."

Kò ṣàwàdà kankan tẹ̀ lé e. Ìyẹn gan-an ló já Àrìnpé láyà. Ó sáré gba orí afárá pákó lọ bá Bàbá Dáníẹ́lì.

"Ẹ fún mi ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Ilé ìwòsàn ni mò ń gbé e lọ."

"A ṣì ń gbàdúrà, ọmọ mi."

"Ẹ máa gbà á nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin náà ń bọ̀."

Bàbá Dáníẹ́lì wò ó. Ó dìde.

Ọ̀nà jìn. Wọ́n kọjá Òde Mahin, wọn ò yà. Àdúrà bàbá ń bá ariwo ẹ́ńjìnnì jà. Àrìnpé ò gbé ọwọ́ kúrò láyà ọkọ rẹ̀. Bí ọkàn náà bá dákẹ́, òun náà ò ní mí.

Nílé ìwòsàn, dókítà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wo itan náà. "Ó pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀?"

"Títí omi fi kún."

"Kí ló ń mu?"

"Omi àgbọn. Gbogbo ìlú ló ń gbé e wá."

Ojú dókítà yí padà. Ó ti ń wá iṣan tó máa gún lábẹ́rẹ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ẹran itan rẹ̀ ló kú lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kúrò, ohun tó wà nínú ẹran náà dà sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló sọ ìtọ̀ di dúdú, òun ló dí kíndìnrín. Iyọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kíndìnrín ì bá dà nù. Tó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń dá ọkàn dúró. Ó sì pọ̀ nínú omi àgbọn."

"Omi àgbọn ò níyọ̀, dókítà," Bàbá Dáníẹ́lì sọ. "Ó dùn."

"Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀, bàbá."

Abẹ́rẹ́ wọlé. Ọkàn náà rọra bẹ̀rẹ̀ sí í lù déédéé. Èlíjà lajú, ó wo òrùlé.

"Ta ló kan èyí? Ó máa jò."

Àrìnpé rẹ́rìn-ín, omijé dà lójú rẹ̀.

"Ohun tí mo fún un kì í pẹ́ lára," dókítà sọ. "Kó tọ̀. Ìyẹn nìkan ló kù."

Wọ́n gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń wo abọ́. Bàbá Dáníẹ́lì ń bẹ abọ́ náà bí ẹni ń bẹ èèyàn. Ó gbẹ. Dókítà tún gún un lábẹ́rẹ́. Ọkàn náà tún ń ṣe ségesège lábẹ́ ọwọ́ Àrìnpé. Ó lù. Ó pẹ́. Ó lù.

Dókítà gbọ́ àyà náà títí, kò gbọ́ ohun kankan, ó yọ okùn tó fi ń gbọ́ ọ kúrò létí.

"Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ìyá."

Àrìnpé tẹ ọwọ́ náà mọ́ àyà sí i.

"Ẹ dákẹ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ n gbọ́ ná."