Obìnrin Idẹ Ọlọ́wọ́ Mẹ́rin

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Irọ́ tí mo ti pa fún yín sẹ́yìn ló fà á. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí òórùn wàrà gbígbóná bá ti ta sí mi nímú, yàrá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Kika ni mo máa ń rántí, àti obìnrin idẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó jókòó sórí òdòdó, tó ní ọwọ́ mẹ́rin.

Àlejò kan láti ilẹ̀ Híndì, ilẹ̀ tí a máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ nílé kéwú, ló bá àwọn oníṣòwò obì dé, tó sì fi ère náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, tí mò ń pè ní ìyá. Òrìṣà ilé wọn ni. Lákíṣímì ló pè é. Ó ní kí ìyá máa wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀, kí ó máa gbé wàrà díẹ̀ síwájú rẹ̀, títí òun yóò fi ti Gònjá, ilẹ̀ obì, dé. Ọdún mọ́kànlá kọjá, kò dé. Lèmọ́mù wa ní Tchaourou gbọ́, inú bí i, ó ní kí n lọ gbé e wá kí alágbẹ̀dẹ yọ́ ọ.

Mo rìn títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Mo bá ìyá lórí ẹní, ó ń nu ère náà. Ẹ mọ ẹnu mi.

“Ìyá, ọwọ́ mẹ́rin ló ní. Kò lè wẹ ara rẹ̀ ni?”

“Ìwọ tó ní méjì, kí lo ti fi ṣe?”

Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Kò bá mi jà.

“Ìrun márùn-ún ni mò ń kí, alùfáà mi. N kò bọ ọ́ rí. Àmánà ni, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi, ó sì ti rẹ̀ mí. Gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni í bá dé, ìwọ ni wàá dá a lóhùn.”

Mo wé e sínú aṣọ, mo dì í mọ́ ẹrù mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun, ìyá kò lè dìde. Ó na ọwọ́ síbi tí ère náà máa ń wà, ó bá ibẹ̀ lófìfo, ó sì kọjú sí ògiri. Mo ti kọ “àmánà” sára wàláà nílé kéwú láìmọye ìgbà. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bó ṣe wúwo tó. Mo tú ẹrù. Mo gbé omi kaná. Èmi akéwú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ obìnrin idẹ.

Ìyá kò yíjú padà.

“Má gbàgbé abẹ́ apá rẹ̀,” ló wí. “Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.”