Òdo tí wọ́n fún òjò àkọ́rọ̀

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìròyìn burúkú: Bísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, gba òdo lónìí nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi.

Tíṣà ní kí wọ́n ya ìgbà ìrúwé wá láti ilé. Nínú tirẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, wọ́n ń gbin àgbàdo l'Ówódé.

Mo bá lọ.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni kò sí nínú àwòrán Bísí?"

"Òjò dídì tó ń yọ́. Ó wà nínú ìwé tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá."

"Ṣé ẹ ti rí i rí?"

"Ẹ̀yin ò rí ọ̀run rí, ẹ sì ń kọrin rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi."

Bísí ti jẹun, ó ti sùn. Èmi ni oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi.

Ẹ̀yin ará, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìkéde: Kí gbogbo ará ìlú mọ̀ pé kì í ṣe Bísí ló ya àwòrán náà. Èmi ni.