Géèmù Orí Yìnyín ní Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mi

Bí òórùn láfún tí wọ́n sá sí etí títì Òrè bá ti kàn mí nímú, ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ń tún rédíò ṣe ni mo máa ń rántí. Géèmù kan wà níbẹ̀ tí a ń gbá nínú tẹlifíṣọ̀n: àwọn ọkùnrin mú igi dání, wọ́n ń lé nǹkan dúdú kan kiri lórí yìnyín. Èmi ò rí yìnyín tó tẹ́ bẹ́ẹ̀ rí; mo ṣebí láfún ni.

“Bọ̀dá, wọ́n ń tẹ láfún oníláfún mọ́lẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wọn á tún un rẹ.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, sójà kan wọlé, ó bá ẹ̀gbọ́n mi gbá a. Ẹ̀gbọ́n mi gbá márùn-ún wọlé. Sójà kò gbá ẹyọ kan.

“Ẹ̀rọ géèmù yìí ti bàjẹ́,” ni sójà wí. Ó tú wáyà rẹ̀, ó sì gbé e há abíyá.

Bàbá mi ká ọwọ́ sẹ́yìn. “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Wọ́n fẹ́ bá wa tún un ṣe ni.”

Mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ ṣé, sà. Ẹ tètè gbé e dé o.”

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé nítorí ẹ̀mí wa ni bàbá mi ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Bí sójà náà bá wà láàyè, n kò béèrè ẹ̀rọ mọ́. Ọpẹ́ tí ó gbà lẹ́nu mi ni kí ó dá padà.