Àlàájà Kòfowórọlá àti Owó Ẹnu Ọ̀nà

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ fi ohun kan yé gbogbo ayé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó yẹ òkú: olóògbé Àlàájà Kòfowórọlá Àjàmú kì í kí ènìyàn kí ó tó yí etí aṣọ rẹ̀ wò. Bí o bá wọlé tọ̀ ọ́, yóò mú ìṣẹ́tí ẹ̀wù rẹ láàárín ìka méjì, yóò yí i sódì, yóò wo bí wọ́n ṣe rán inú rẹ̀, ẹ̀yìn náà ni yóò tó ní, "Ẹ káàbọ̀." Bí ìránṣọ náà bá burú, "Ẹ pẹ̀lẹ́" ni yóò sọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n fi mọ orúkọ rẹ̀ láti Tandabáwì ní Mẹ́kà títí dé Sàbíìlì ní Jẹ́dà. Ọ̀rọ̀ ojú kan ni.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan wà ní Jẹ́dà tí wọ́n máa ń ṣe ìpàtẹ aṣọ ìbora alábùlẹ̀ lọ́dọọdún, nínú ọgbà olódi kan tí àwọn òyìnbó ń gbé. Àwọn aṣọ tí à ń wí yìí, ègé aṣọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń rán wọn pọ̀, wọn a ki òwú sáàárín, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ gba gbogbo rẹ̀ já. Ríyàálì mẹ́wàá ni wọ́n ń san lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún 2012, wọ́n sọ ọ́ di ogún. Caroline, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú kan, ni wọ́n fi sídìí tábìlì tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbọ́ lárúbáwá. Wọn kò mọ̀ pé Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yóò ká a mọ́.

"Ogún ríyàálì ni, Àlàájà."

"Ogún? Ṣé wọ́n tún rán òmíràn mọ́ ọn ni?"

"Owó gbọ̀ngàn ló lọ sókè, mà."

"Èmi ò wá wo gbọ̀ngàn. Aṣọ ni mo wá wò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ṣùgbọ́n inú gbọ̀ngàn ni aṣọ wà."

"Ẹ kó wọn síta. Mo lè dúró."

Caroline mí kanlẹ̀. "Àlàájà, ẹni tó bá máa fi ojú wò ó, ogún ríyàálì ni."

"Ojú mélòó?"

"Ojú méjèèjì, mà."

Àlàájà fi ríyàálì mẹ́wàá lélẹ̀ lórí tábìlì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì. "Ojú kan rèé. Ẹ gba ìdajì."

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Caroline wo ọ̀wọ́ èrò, ó wo ojú kan tó ń wò ó láì ṣẹ́jú, ó fa tíkẹ́ẹ̀tì ya sí méjì, ó sì fún un ní ìlàjì. Àlàájà wọlé. Nígbà tí ó rìn dé àárín gbọ̀ngàn, alága ẹgbẹ́, Fawziyya, obìnrin Jẹ́dà olówó kan tí ó máa ń fi ẹ̀wọ̀n wúrà so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ṣàkíyèsí pé ojú ọ̀tún ni ìyá yìí wá ń bò báyìí, tí ti òsì sì là kedere. Ó ní kí Caroline lọ bi í léèrè. Àlàájà ní, "Ojú ọ̀tún ti wo ti apá ọ̀tún tán. Àbí ẹ fẹ́ kí òun nìkan ṣe iṣẹ́ ẹni méjì nítorí ríyàálì mẹ́wàá?"

Hájì ni Àlàájà bá dé ilẹ̀ Sàúdí, ní ọdún kan tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ṣì ń jiyàn lé lórí. Ọkọ̀ òfúrufú kó àwọn yòókù padà sílé. Òun ní òun fẹ́ rán nǹkan kan parí. Ní ti ìwé ìgbélùú, èyí tí wọ́n ń pè ní ìkámà níbẹ̀, ìgbà mìíràn ó ní in, ìgbà mìíràn kò ní in, bí òṣùpá. Mẹ́kà ló bí Ramla ọmọ rẹ̀ sí. Ìyá a sọ Yorùbá, ọmọ a fi lárúbáwá dá a lóhùn, àwọn méjèèjì a sì jà dáadáa láìsí ògbufọ̀.

Ohun tó ń rán náà kò kéré. Àwọn àlàájì ilé wa, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní aṣọ àǹkárá tirẹ̀ tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Bí wọ́n bá ń padà lọ, tí ẹrù wọn wúwo jù nítorí kúbùsù àti dàbínù, aṣọ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń jù sílẹ̀. Àlàájà a ṣà á. Àwọn obìnrin alágbàfọ̀ àti agbálẹ̀ ní Sàbíìlì náà a mú ègé tiwọn wá: etí ìró ìyá tó ti kú, apá bùbá tí wọ́n wọ̀ kúrò nílé. Gbogbo rẹ̀ ló rán pọ̀ di aṣọ ìbora ńlá kan tí ó pè ní Wọn Ò Tíì Lọ. Bí o bá ní, "Àlàájà, ṣebí wọ́n ti lọ," yóò ní, "Kí wá ni aṣọ wọn ń ṣe lọ́dọ̀ mi?"

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ fún aṣọ yẹn: kí ó gbé e kọ́ níbi tí gbogbo obìnrin tó mú ègé wá ti lè wò ó, láìbá tábìlì owó pàdé lójú ọ̀nà.

Láti ọjọ́ ojú kan ni òun àti Caroline ti di kòríkòsùn. Caroline àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ onígbàgbọ́ máa ń pàdé nínú pálọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, wọn a kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí aládùúgbò má baà gbọ́. Àlàájà rán aṣọ onípele mẹ́ta fún wọn láti fi dí fèrèsé. Caroline ní, "Àlàájà, ṣé kò ní di ọ̀rọ̀ sí yín lọ́rùn?" Ó ní, "Ọ̀rọ̀ wo? Mo rán an kí aládùúgbò lè sùn." Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà láàárín orin. Gbogbo wọn di òkúta. Àlàájà ni, ó ti dúró síta láti dán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. Ó yọjú wọlé. "Ó ń jò," ó ní. "Ọkùnrin tó ń kọrin bíi màlúù yẹn, ẹ gbé e kúrò lẹ́bàá fèrèsé."

Owó ẹnu ọ̀nà kò sì sinmi. Ó di ọgbọ̀n, ó di àádọ́ta. Tíì tó ti jẹ́ ọ̀fẹ́ di títà. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò yóò san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ọdún tí ó di àádọ́ta, Àlàájà bi Caroline léèrè, "Èló ni ìjáde?"

"Ọ̀fẹ́ ni ìjáde, mà."

"Ó dáa." Ó yí ẹ̀yìn padà sí ilẹ̀kùn, ó kọjú sí ìta, ó sì ń fẹ̀yìn rìn wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń juwọ́ sí èrò, "Ó dàbọ̀ o, ẹ kú ìnáwó, ó dàbọ̀." Ọmọ ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ bá a ṣí ilẹ̀kùn.

Ọdún 2016 ni ọ̀rọ̀ wá gbóná. Fawziyya fúnra rẹ̀ ti rí Wọn Ò Tíì Lọ, ó sì bẹ Àlàájà kí ó jẹ́ kí àwọn gbé e kọ́ sí àárín gbọ̀ngàn. Àlàájà gbà. Ọjọ́ ìpàtẹ pé, ó kó àwọn obìnrin Sàbíìlì lẹ́yìn, gbogbo wọn ti fọ àbáyà wọn, ojú wọn ń dán. Owó ìwọlé ti di ríyàálì márùndínlọ́gọ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Caroline kò lè gbé ojú sókè. Wọ́n pe Fawziyya, Caroline sì di ògbufọ̀.

"Ẹgbẹ́ kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, Àlàájà," Fawziyya ní.

"Èmi ni mo ni aṣọ tó wà láàárín ilé yín."

"Aṣọ ti wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ kù."

"Àwọn tó ni ègé inú rẹ̀ nìyí. Ṣé kí wọ́n sanwó kí wọ́n tó rí etí ìró ìyá wọn?"

"Gbogbo nǹkan ló ti wọ́n. Owó gbọ̀ngàn, owó iná…"

"Fawziyya, orúkọ mi ni Kòfowórọlá. Ẹni tó sọ mí bẹ́ẹ̀ ti kú. Mi ò lè lọ jí i kó yí i padà nítorí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ bá mi mú aṣọ mi jáde."

Wọ́n ní kò ṣeé ṣe títí ìpàtẹ yóò fi parí. Àlàájà kò jà. Ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, òun àti àwọn obìnrin rẹ̀ jókòó, wọ́n yọ abẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀, ó mú etí aṣọ rẹ̀, ó yí i wò, ó sì dá a lẹ́jọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. "Ìwọ, iṣẹ́ ara tìrẹ dára ju tinú ilé lọ. Padà sílé, kí o lọ wo dígí." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n padà. Àwọn kan jókòó tì í, wọ́n ní kí ó yẹ ti àwọn wò. Kí ìrun àsárì tó tó, Fawziyya fúnra rẹ̀ gbé aṣọ náà jáde, ó ká a dáadáa, ó gbé ìgò omi tútù lé e lórí. Àlàájà gba aṣọ. Ó wo ìgò omi náà. "Èló ni?"

Lẹ́yìn èyí ló kéde ìpàtẹ tirẹ̀, ọ̀fẹ́, lórí òrùlé ilé rẹ̀ ní Tandabáwì. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ta okùn. Wọ́n gbé Wọn Ò Tíì Lọ kọ́, wọ́n gbé ti àwọn mìíràn kọ́ yí i ká, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, ilé pọ́n bí ọgbà òdòdó. Èrò ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ramla ní, "Kàláàsì, yúmmà," ìyẹn ni pé ó parí, ìyá mi.

Àlàájà ń wo ẹnu àtẹ̀gùn. "Kàró ńkọ́? Kò tètè dé."

Ramla wò ó títí. "Yúmmà, Caroline kì í ṣe mùsùlùmí. Ta ló máa jẹ́ kó kọjá ibodè Mẹ́kà?"

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, Àlàájà ló máa ń lọ bá a ní Jẹ́dà. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ọ̀nà náà kì í ṣe ọ̀nà àlọ àti àbọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ó ranjú bí ẹni tó gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́.

"Ẹ tú u," ó ní.

"Yúmmà! Àwọn èèyàn ti ń gòkè!"

"Kí wọ́n máa sọ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé okùn kan dání. Ìpàtẹ tí ọ̀rẹ́ mi ò lè wọ̀, kí ló fi sàn ju ti Fawziyya?"

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré méjì, àlejò ń tẹ̀ lé aṣọ, ó di Sàbíìlì, lórí òrùlé ilé àwọn alágbàfọ̀. Caroline ti ibi iṣẹ́ dé tòun ti aṣọ nọ́ọ̀sì, ó bá gbogbo Mẹ́kà lórí òrùlé ní Jẹ́dà. Ó bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àlàájà ní, "Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yẹn pọ̀ jù." Láti ọdún náà, Sàbíìlì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹnì kan fẹ́ fi owó sílẹ̀ ní ọrẹ. Àlàájà lé e sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn mẹ́ta gbáko.

Ó kú ní ọdún 2018, nílé Ramla ní Zahir ní Mẹ́kà, lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Wọ́n ti sin ín kí oòrùn tó kan àtàrí. Caroline kò lè lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ. Ramla ló gbé Wọn Ò Tíì Lọ wá bá a ní Jẹ́dà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí orúnkún àwọn méjèèjì, wọ́n ń fìka tọ́ka: ti Kwara nìyí, ti Ọ̀ṣun nìyí, ti ìyá alágbàfọ̀ báyìí nìyí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Fawziyya náà wá kí wọn. Omijé gidi ló sun. Ó ní ẹgbẹ́ ti fẹnu kò láti fi ìpàtẹ ọdún yìí ṣe ìrántí Àlàájà: Wọn Ò Tíì Lọ ni yóò wà láàárín, tòun ti orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Nítorí pàtàkì ayẹyẹ náà, àti owó-orí tuntun tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lé ohun gbogbo, owó ìwọlé ti kọjá àádọ́rùn-ún ríyàálì. Wọ́n ń retí ẹbí. Ẹgbẹ́ kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Àwọn obìnrin Sàbíìlì fẹ́ lọ, nítorí wọ́n fẹ́ rí orúkọ rẹ̀ lókè. Wọ́n bi Ramla, Ramla bi Caroline, Caroline sì ní kí a bi gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n: bí a bá sanwó ẹnu ọ̀nà kí a tó wo aṣọ Àlàájà Kòfowórọlá, ta ni nínú wa ni yóò lọ sọ fún un?