Okùn Oníkókó Mùyìbátù

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Bàọ́lọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Bí ẹnì kan bá bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, orí mi á ti gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn Mùyìbátù lẹ́nu mi, kó kọ́kọ́ mọ ìyẹn, torí èmi kọ́ ni mo ṣe dáadáa níbẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ìṣẹ́yìn ni mo ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún ni wọ́n. Mùyìbátù nìkan ló ti pé méjìdínlógójì. Ahunṣọ òfì ni, ọmọ ahunṣọ, aró sì ti mu ìka rẹ̀ débi pé ọṣẹ ò ràn án mọ́. Ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, Bàọ́lọ́jì ló sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti kùnà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo bi í pé kí ló ń lé e. Ó ní Samsudeen ni. Samsudeen ni àkọ́bí rẹ̀, àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ló sì pa á ní ọmọ ọdún méje. Níwájú àwọn tó wá kí wọn kú àmúmọ́ra ni ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Ṣùkúrù, ti sọ pé òfì ló pa ọmọ náà. Ó ní obìnrin tó fi oyún jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló rò pé òun máa bí? Ọdún mẹ́fà rèé, ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lára Mùyìbátù. Ṣùkúrù ọkọ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá rẹ̀ bá ti sọ labẹ gé. Ìyá sì ti sọ pé ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ni ìparí. Bí Mùyìbátù bá tún kùnà, kó padà sídìí òfì, kó má dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ kọ́ wọn bí sẹ́ẹ̀lì inú ara wa ṣe ń sọ àkọsílẹ̀ àjogúnbá di purotéènì. Mo yà á sára pátákó. Mo ní DNA ni àkọsílẹ̀ náà, lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, inú yàrá àárín sẹ́ẹ̀lì ló sì ń gbé, kì í jáde. Ẹ̀dà rẹ̀, tí à ń pè ní RNA, ló ń jáde lọ sí ibi iṣẹ́. Níbẹ̀, wọ́n á ka lẹ́tà inú ẹ̀dà náà ní mẹ́ta-mẹ́ta. Mẹ́ta kan, ègé kan. Mẹ́ta mìíràn, ègé mìíràn. Ègé wọ̀nyí ni wọ́n ń tò mọ́ra títí wọn á fi di purotéènì, èyí tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan wa ò lè ṣe láìsí i.

Mùyìbátù nawọ́. "Tíṣà, kí ló dé tí àkọsílẹ̀ yẹn kì í jáde?"

"Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe é. Há a sórí."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń kà?"

"Ìyá Sodiqat, mo ní kí o há a sórí!"

Sodiqat ni ọmọ tó kù fún un. Àwọn ọmọ kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fún wọn ní ìdánwò, méjì nínú ogún ni Mùyìbátù gbà. Mo dá a dúró, mo ní, "Fi Bàọ́lọ́jì yìí sílẹ̀. Ìwé kì í ṣe òfì."

Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò sunkún. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sílé bàbá mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tó jọ ohun tí ẹ yà sára pátákó."

Mo lọ. Kí n lè rí ohun bá a wí ni mo ṣe lọ.

Ó ju ogójì ọdún lọ tí mo ti kúrò ní Òkakà wá gbé Ìṣẹ́yìn, mo sì ní òfì mẹ́rin nínú àpótí mi, síbẹ̀ n kò bèèrè rí bí wọ́n ṣe ń hun ún. Bàbá Mùyìbátù mú wa wọ yàrá, ó ṣí àpótí kan. Aṣọ àgbà ilé wà níbẹ̀, gbogbo ọnà tí agbo ilé wọn ń hun ló wà lára rẹ̀.

"Èyí kì í jáde ní yàrá," ni bàbá wí. "Bí èyí bá bàjẹ́, gbogbo iṣẹ́ wa bàjẹ́."

Ẹni tó bá fẹ́ hunṣọ á mú okùn wọlé, á máa wo aṣọ àgbà, á sì máa fi òwú ta kókó sára okùn náà: dúdú, funfun, pupa, àti àwọ̀ sányán. Okùn oníkókó yẹn ló ń mú jáde lọ sídìí òfì. Kókó mẹ́ta ni wọ́n ń kà pọ̀, mẹ́ta kan sì dúró fún ọnà kan. Bí aṣọ bá ti parí, wọ́n á tú gbogbo kókó náà kí ẹlòmíràn má baà jí ọnà wọn.

Mo wá ibi jókòó sí. Àwọ̀ mẹ́rin. Mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀dà tó ń jáde. Ojú tì mí, ó tì mí gan-an. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, n kò mọ èwo ni mo jẹ́ nínú méjèèjì.

Mùyìbátù fa aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gún régé, àfi bó ṣe dàrú lójijì, tó sì dàrú títí dé òpin. "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà yẹn," ó ní. "Kókó kan ni mo fò. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo mẹ́ta-mẹ́ta tí mo kà ò bára mu mọ́. Bàbá ò jẹ́ kí n sọ ọ́ nù."

"Bí o kò bá fo kókó ńkọ́," mo bi í, "tó jẹ́ pé funfun lo fi sípò pupa lẹ́ẹ̀kan péré?"

"Ọnà kan ló máa yàtọ̀. Ìyókù á dáa."

Mo yíjú sí i. "Ohun tó pa Samsudeen nìyẹn. Purotéènì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn kiri. Lẹ́tà kan ló yàtọ̀ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ègé kan ló sì yí padà. Ìyẹn ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Inú aṣọ àgbà ló ti wà kí o tó lóyún. Ìwọ fún un ní ọ̀kan, Ṣùkúrù fún un ní ọ̀kan, ẹ̀yin méjèèjì ò sì mọ̀."

"Kókó kan ṣoṣo, Tíṣà?"

"Ẹyọ kan."

"Kì í ṣe ìdí òfì?"

"Òfì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún, ẹkún ọdún mẹ́fà. Bàbá rẹ̀ kọjú sí ògiri. Èmi náà sunkún, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí mo bá kọ́ ọ ló ń ta ní kókó sára okùn kan tó so mọ́ ọrùn ọwọ́. Nílé wọn, a kì í tú okùn kí aṣọ tó parí. Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ ìdánwò dé, ó wọ okùn náà lọ, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá fèrèsé ni mo wà nígbà tí alábòójútó ìdánwò, àlejò tí kò mọ ìlú, gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní bí okùn yìí kì í bá ṣe òògùn, a jẹ́ pé ọgbọ́n àtijí ìwé wò ni, òun á sì gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé lọ bá a jà.

Mùyìbátù ò bẹ̀bẹ̀. Ó tú àwọn kókó náà lójú ọkùnrin yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku òwú lásán. Ó gbé e sórí tábìlì. "Ọ̀gá, òwú nìyẹn. Iṣẹ́ náà ti wà lórí mi." Ó jókòó, ó kọ̀wé títí wọ́n fi ní kí gbogbo wọn gbé bírò sílẹ̀.

Ó yege. B ló gbà, èmi àgbàlagbà yìí sì jó láàárín ọjà.

Ó mú èsì náà lọ bá Ìyá Ṣùkúrù, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ṣùkúrù wà níbẹ̀. Mùyìbátù kúnlẹ̀, ó fi ìwé èsì sílẹ̀, ó sì tẹ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tuntun kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun sórí itan ìyá náà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tó yàtọ̀."

Ojú ìyá náà ò ríran dáadáa mọ́, ìka ló fi ń wá a. Ó pẹ́. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ dúró.

"Ẹyọ kan yìí?"

"Irú ẹyọ kan yẹn, nínú ẹ̀jẹ̀, ló pa Samsudeen, Ìyá. Ara èmi àti Ṣùkúrù ni ó ti wá. Kì í ṣe ìdí òfì."

Ìyá Ṣùkúrù ò gbé ìka kúrò níbẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó wo èmi, kò lè wo Mùyìbátù.

"Bí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn bá wọlé," ó sọ níkẹyìn, "mú Sodiqat wá sọ́dọ̀ mi. Èmi ni màá máa tọ́jú rẹ̀."