Pẹ̀rẹ̀gún Tí Wọ́n Gé ní Ahoro Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, lọ́dún tí àwọn sójà kọ́kọ́ gbé ìjọba fún alágbádá, àwọn kan wá sí Mákun, àdúgbò wa ní Ṣàgámù, láti yunifásítì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ahoro wa, ibi tí àwọn baba ńlá wa ń gbé kí ogun tó kó wọn wá sí Ṣàgámù, káwọn lè mọ bí wọ́n ṣe gbé ayé wọn. Inú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú dùn gan-an. Ẹgbẹ́ fún àwọn àlejò nílé, àwọn ọkùnrin ṣán ọ̀nà, àwọn obìnrin ń dáná. Ìyá tó bí bàbá mi ni olórí àwọn tó ń dáná. Ẹ ò tíì jẹ ìkọ́kọrẹ́ bí ẹ ò bá jẹ tiwọn.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti ìyá àgbà jọ gbé oúnjẹ lọ. Bí a ṣe yọ sí ahoro báyìí, ìyá àgbà dúró gbagidi.

"Pẹ̀rẹ̀gún ibí yìí dà?"

Alága ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. "A ti gé e, ìyá. Àbí inú igbó la ó ti máa gba àlejò? Ibẹ̀ la sì ní kí wọ́n gbẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ̀. Láyé ọjọ́un, inú yàrá ni wọ́n ń sin àgbà sí. Nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílé, pẹ̀rẹ̀gún ni wọ́n gbìn sórí sàréè kí ọmọ lè dá a mọ̀. Ìyá tó bí ìyá àgbà ló fi hàn wọ́n pé abẹ́ igi yẹn ni ìyá òun sùn sí.

Wọ́n ti gbẹ́ kan eegun kí a tó dé. Obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn àlejò kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. A ó gbé wọn lọ yẹ̀ wò ni, a ó dá wọn padà."

"Ìyá ìyá mi lẹ fẹ́ gbé lọ yẹ̀ wò?"

"Ìyá, ẹ má dójú tì wá," ni alága wí. "Ẹgbẹ́ ti gbà fún wọn."

"Ṣé ẹgbẹ́ ló bí mi ni?"

Àmọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń dáná bẹ ìyá àgbà, bẹ̀ wọ́n, bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní bí a bá lé àwọn wọ̀nyí, ìlú mìíràn ni yóò máa pìtàn wa fún wa. Nígbà tó pẹ́, ìyá àgbà tú ìborùn wọn, wọ́n nà án sí obìnrin náà. "Ẹ fi wé e. Òtútù wà nínú ọkọ̀."

Àwọn àlejò yẹn ò dá eegun náà padà. Alága lọ béèrè títí. Wọ́n ní obìnrin náà ti lọ sókè òkun, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó kó ẹrù sí. Ìyá àgbà ò tún dáná fún ẹgbẹ́ mọ́. Wọ́n kú láì rí i.

Lónìí, wọ́n ti gé ahoro ní púlọ́ọ̀tì tà. Katapílà ló tẹ́ ibẹ̀. Ká ní ìyá yẹn ṣì sùn síbẹ̀ ni, inú típà ni ì bá bá iyẹ̀pẹ̀ lọ. Mo máa ń rò ó, n kì í rí ìdí rẹ̀.

Ohun tí mo wí fún àwọn ọmọ mi ni pé, èyíkéyìí nínú wọn tí ọ̀nà bá gbé dé yunifásítì yẹn, kó wọlé, kó kí wọn dáadáa, kó ní òun wá mú ìyá òun lọ sílé.